Ọ̀nà àbùjá orí bọ́tìnì fún iṣẹ́ ímeèlì: àwọn kan ń ṣiṣẹ́, àwọn kan kò dáhùn

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀, Kétu

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ará ilé níhìn-ín àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àjàṣẹ́ àti ní Sábẹ. Èmi ni mo ń bójú tó lẹ́tà ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kò sí òwúrọ̀ kan tí n kì í bá lẹ́tà bí ọgọ́ta nínú ímeèlì wa: ti àwọn tó ń ra kajú, ti àwọn onímọ́tò akẹ́rù, ti àwọn ọ́fíìsì ní Kútọnu, àti àwọn ìpolówó ọjà tí kò kan ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹnìkan sọ fún mi pé ẹni tó bá mọ ọ̀nà àbùjá orí bọ́tìnì kò ní máa fi eku kọ̀ǹpútà lé lẹ́tà kiri mọ́. Mo wọ inú Paramètres (ibi ètò) Gmail, mo wá ibi tí wọ́n kọ Raccourcis clavier (àbùjá orí bọ́tìnì) sí, mo tàn án, mo fi pamọ́ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, mo sì kọ àwọn bọ́tìnì tí mo fẹ́ lò sórí páálí kan tí mo gbé ka iwájú mi.

Ohun tó rú mi lójú ni pé àwọn kan ń ṣiṣẹ́, àwọn kan kò sì dáhùn rárá. Bí mo bá tẹ c, lẹ́tà tuntun á ṣí. Bí mo bá tẹ e, èyí tí mo ti kà tán á bọ́ sí ibi ìpamọ́. R náà ń ṣí àyè ìfèsì fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ a kí n lè fèsì sí gbogbo àwọn tó wà nínú lẹ́tà, ńṣe ni kọ̀ǹpútà dákẹ́. Z, tí wọ́n ní ó ń dá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà, kò dá nǹkan kan padà. Àmì ìbéèrè tí wọ́n ní yóò kó gbogbo àwọn àbùjá jáde kí n lè kà wọ́n, òun náà kò kó nǹkan kan jáde. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé bí mo bá ṣí lẹ́tà kan, tí mo sì tẹ bọ́tìnì / láti wá lẹ́tà mìíràn, lẹ́tà tí mo ń kà lọ́wọ́ á pòórá, n kò sì rí i nínú Tous les messages (gbogbo lẹ́tà). Kọ̀ǹpútà alágbèéká yìí kì í ṣe tuntun, Èkó ni wọ́n ti rà á wá fún wa. Àbí àìsàn ló ń ṣe é ni?

Alátùn-únṣe Kọ̀ǹpútà, Ouando, Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Kí a tó dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi, ẹ bá mi wo nǹkan méjì. Lẹ́tà mẹ́fà wo ni wọ́n kọ sórí ìlà òkè láti apá òsì: Q W E R T Y (àtẹ Gẹ̀ẹ́sì) ni tàbí A Z E R T Y (àtẹ Faransé)? Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ṣé FRA (Faransé) ni ẹ rí níbẹ̀ tàbí ENG (Gẹ̀ẹ́sì)? Ẹ sọ èyí náà fún mi: bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà, ṣé ẹ máa ń wo ọwọ́ yín?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀, Kétu

Q W E R T Y ni wọ́n kọ sí i. FRA ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, nítorí ọmọ tó bá wa fi Windows sí i ló sọ ọ́ di ti Faransé, èdè tí a fi ń ṣiṣẹ́. N kì í wo ọwọ́ mi bí mo bá ń tẹ̀wé. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà Faransé ní ibi iṣẹ́ mi àtijọ́, ìka mi ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Alátùn-únṣe Kọ̀ǹpútà, Ouando, Àjàṣẹ́

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, kò sì sí àìsàn kankan lára kọ̀ǹpútà yín. Lẹ́tà tí wọ́n kùn sórí bọ́tìnì, ọ̀dà lásán ni. Ohun tí FRA bá sọ ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà, ìka yín ń lọ sí ibi tó ti mọ̀, FRA sì ń gbà á bí ìka yín ṣe fẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ṣàkíyèsí nǹkan kan láti ọjọ́ yìí wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá bọ́tìnì àbùjá, ojú ni ẹ fi ń wá a, ojú sì ń tẹ̀ lé ọ̀dà. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ A sí, kọ̀ǹpútà gbọ́ q. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Z sí, ó gbọ́ w. Kò sí èyí tó ń fèsì sí gbogbo ènìyàn tàbí tó ń dá nǹkan padà nínú méjèèjì, Gmail sì dákẹ́. Àwọn lẹ́tà bíi c, e, r, f, j, k, s, u àti x wà ní ojú kan náà nínú ètò méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá yín lóhùn.

Ẹ wá fetí sí ti lẹ́tà tó ń pòórá, nítorí òun ló jẹ́ kánjúkánjú. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ / sí, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maj (ìyẹn Shift) ọwọ́ ọ̀tún, àmì ìyanu ni lábẹ́ FRA, ìyẹn ! yìí. Nínú Gmail, ohun tí ! túmọ̀ sí ni pé kí a ka lẹ́tà tó wà níwájú wa sí ìjẹkújẹ, kí a sì jù ú sínú Spam. Gbogbo ìgbà tí ẹ rò pé ẹ ń wá lẹ́tà, ńṣe ni ẹ ń fi ẹ̀sùn kan èyí tí ẹ ń kà. Tous les messages kì í sì í fi ohun tó wà nínú Spam hàn, ẹ kò lè rí i níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó wọ inú Spam, ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ Non-spam. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, Gmail máa ń pa ohun tó bá wà níbẹ̀ rẹ́ pátápátá.

Ní ti àtúnṣe, bí ẹ bá di bọ́tìnì Windows mú, tí ẹ tẹ Espace (bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀), ẹ lè yan ENG bí wọ́n bá ti fi í kún ètò kọ̀ǹpútà náà, ọ̀dà àti kọ̀ǹpútà á sì fohùn ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí ìka tó ti fi ọdún mọ́kànlá mọ AZERTY á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìṣe nínú gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá ń kọ, é, è àti à tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ á sì di wàhálà. Ẹ fi FRA sílẹ̀. Ẹ ra bébà alẹ̀mọ́, kí ẹ fi bo ọ̀dà tó ń parọ́. Lórí àtẹ tiyín, a wà níbi tí wọ́n kọ Q sí, z wà níbi tí wọ́n kọ W sí, m wà níbi àmì ; tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ L. Láti rí /, ẹ di Maj mú kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ àmì ìdánudúró sí, láti rí ?, ẹ di Maj mú kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ M sí. Láti rí #, tí ó ń ju lẹ́tà sínú Corbeille (apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí), ẹ di Alt ọwọ́ ọ̀tún mú, kí ẹ tẹ 3.

Ìkìlọ̀ kan tún kù. Bí ẹ bá fi ojú wá Z láti tẹ Ctrl+Z, Ctrl+W ni kọ̀ǹpútà yóò gbọ́, yóò sì ti ojú ìwé Gmail náà pa pẹ̀lú ohun tí ẹ ń kọ lọ́wọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sunkún. Ctrl+Maj+T yóò ṣí i padà, lẹ́tà yín á sì wà nínú Brouillons (ibi àwọn lẹ́tà tí a kò tíì fi ránṣẹ́), nítorí Gmail máa ń fi í pamọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́.

Olùkọ́ Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ, ibi tí a bá gbà gùn ún náà ni a ó gbà sọ̀. Ẹni tí yóò há bọ́tìnì bí ọgọ́ta sórí kó tó lè ka lẹ́tà, ṣé àbùjá ló rí yẹn, àbí ọ̀nà tó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ? Eku mi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ máa ń dùn mí lálẹ́.

Ìyá Akọ̀wé, Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ìkúnlẹ̀ dá yín lóhùn. Kò sí ẹni tó ń há ọgọ́ta sórí. Èmi ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé láti ìgbà tí a ti ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin, àwọn bọ́tìnì tí mo ń lò lójúmọ́ nínú Gmail kò ju mẹ́wàá lọ. Mẹ́rin nínú wọn, Faransé ti tò wọ́n fún wa lẹ́sẹẹsẹ láì mọ̀. Ẹ wo ìlà òkè lórí àtẹ AZERTY, láti apá òsì: a, z, e, r. A ń fèsì sí gbogbo ènìyàn, z ń dá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà, e ń kó lẹ́tà lọ sí ibi ìpamọ́, r ń fèsì sí ẹni tó kọ ọ́ nìkan. Ìka mẹ́rin ọwọ́ òsì ti tó. Àwọn tó ń lo QWERTY kò rí irú oore yìí, a tiwọn ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlà àárín, z tiwọn sì wà ní ìlà ìsàlẹ̀.

Lójú tèmi, j àti k ni kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́, kó tó kan ohunkóhun mìíràn. J ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí lẹ́tà tó pẹ́ ju èyí tí a wà lórí rẹ̀ lọ, k ń gòkè lọ sórí èyí tó tuntun jù ú lọ, Entrée (ìyẹn Enter) sì ń ṣí èyí tí a bá dúró lé. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí j àti k, ọwọ́ òsì mi wà lórí a, z, e, r, eku mi sì ń sùn. Bí mo bá ṣí lẹ́tà kan láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ìròyìn lásán, e. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ju ìlà méjì lọ, r, kí n kọ ọ́, kí n tẹ Ctrl+Entrée kí ó lọ. Bó bá jẹ́ ohun tí mo gbọ́dọ̀ bi ọ̀gá mi léèrè kí n tó fèsì, mo máa ń tẹ b, kí n yan ọjọ́ àti wákàtí, lẹ́tà náà á sì fi ojú pamọ́ títí di àkókò yẹn. Iṣẹ́ tí mo ń fi wákàtí kan àti ààbọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀ kì í gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ mọ́, kì í sì í ṣe pé ìka mi yá. Lẹ́tà kan kì í gba ọwọ́ mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì mọ́ ni.

Ẹ wo èyí náà: bí ẹ bá ti tẹ e, Gmail yóò dá yín padà sí àkójọ àwọn lẹ́tà, ẹ ó sì tún ní láti ṣí òmíràn. Nínú abala Paramètres avancés, ètò kan wà tí ó ń jẹ́ kí ó bọ́ sórí lẹ́tà tó kàn tààrà. Ẹ tàn án. Abala yẹn kan náà ni ẹ ti lè gba àyè láti yan bọ́tìnì fúnra yín. Èmi ti fún # ní bọ́tìnì mìíràn tó rọ̀ mí lọ́rùn, nítorí pé Alt ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú 3 ń gba ọwọ́ méjì.

Mo ní ìtàn ìtìjú kan tí n óò sọ fún yín kí ó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín. Ní ọjọ́ kan, mo ṣí lẹ́tà olóyè kan tí ó ń béèrè ọjọ́ ìpàdé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ «Ẹ kú iṣẹ́, sà» láì tíì tẹ r, nítorí mo rò pé àyè ìfèsì ti ṣí. Gmail kò mọ̀ pé mo ń kí ènìyàn. Ó gbọ́ e, ó gbé lẹ́tà olóyè lọ sí ibi ìpamọ́, ó gbọ́ k, ó gòkè, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà tó kù nínú ìkíni mi. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí wọ́n tó pè mí lórí fóònù pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan àyàfi bí mo bá rí ìlà tó ń ṣẹ́jú nínú àyè ìkọ̀wé. Bí ẹ bá sì rí i pé ojú kọ̀ǹpútà ń yí lódì sí ohun tí ẹ fẹ́, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ tẹ z lójú ẹsẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó kẹ́yìn ni z ń dá padà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe láti àárọ̀.

Olùkọ́, Sábẹ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti sọ ọ̀rọ̀ tó kún. Èmi fẹ́ sọ ti àwa tí íntánẹ́ẹ̀tì wa máa ń wá tí ó sì máa ń lọ. Ní Sábẹ níhìn-ín, bí iná bá lọ, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ wa á kú, Gmail tí a ń ṣí lójú ìwé á sì dúró gbagidi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo Thunderbird, ètò ímeèlì kan tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ó sì máa ń kó lẹ́tà wá sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé mo lè kà wọ́n kí n sì fèsì nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àbùjá tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ má fi ti Gmail wọ́n ọn. Bọ́tìnì N ń gbé mi lọ sórí lẹ́tà tó kàn tí n kò tíì kà, òun nìkan sì ti tó ìdajì iṣẹ́ mi. A, tí ó jẹ́ ìfèsì sí gbogbo ènìyàn nínú Gmail, ìkópamọ́ ni nínú Thunderbird, ó sì máa ń to àwọn lẹ́tà náà sí ọdún wọn. Ctrl+R ń fèsì, Ctrl+Maj+R ń fèsì sí gbogbo ènìyàn, Ctrl+L ń darí lẹ́tà sí ẹlòmíràn. Èyí tó wúlò jù fún ará ibi tí iná kò dúró ni Ctrl+Maj+Entrée: kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ńṣe ni ó ń tò ó sí ìlà ìdúró, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì padà dé, mo lè fi gbogbo wọn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi Gmail sílẹ̀ lè tan Hors connexion (ìlò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì) nínú Paramètres rẹ̀ bó bá ń lo Chrome, kí ó sì yan bóyá lẹ́tà ọjọ́ 7, 30 tàbí 90 ni kó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì, Àjàṣẹ́

Outlook ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ní tiwa. Ṣé ó ní tirẹ̀?

Ìyá Akọ̀wé, Àjàṣẹ́

Ó ní, àbúrò mi. Lórí Outlook Windows, Ctrl+N fún lẹ́tà tuntun, Ctrl+R fún ìfèsì, Ctrl+Maj+R fún ìfèsì sí gbogbo ènìyàn, F3 fún ìwákiri, Ctrl+Maj+V láti gbé lẹ́tà lọ sínú fódà mìíràn. Ctrl+Q ń sọ lẹ́tà di èyí tí a ti kà, ẹ sì ṣọ́ra fún un bí ẹ bá ń lo àtẹ tó yàtọ̀ sí ti ìka yín, nítorí Ctrl+A tó ń yan gbogbo lẹ́tà wà ní ojú ibi tí Q wà lórí àtẹ kejì. Ẹ wá wo Actions rapides (iṣẹ́ kíákíá). Ó lè kó iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ sínú ẹyọ kan, bíi kí ó sọ lẹ́tà di èyí tí a ti kà, kí ó gbé e lọ sínú fódà owó oṣù, kí ó sì darí ẹ̀dà rẹ̀ sí akápò, gbogbo rẹ̀ lórí Ctrl+Maj pẹ̀lú nọ́ńbà kan láti 1 dé 9. Gmail kò ní irú rẹ̀ lórí bọ́tìnì, n kò sì ní parọ́, mo ń jowú yín lórí èyí.

Atúmọ̀ Èdè, Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un, àwa tí a ń kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo yín mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1975, ɛ àti ɔ ni a fi ń kọ ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń fi ẹ àti ọ kọ. Mo ní ètò àtẹ kan fún ìyẹn nínú kọ̀ǹpútà mi, èmi náà sì jẹ irú ìyà tí Akọ̀wé Kétu jẹ. Bí ètò náà bá wà ní títàn, àwọn bọ́tìnì kan á ti yí padà sí lẹ́tà mìíràn, pàápàá àwọn tí Yorùbá kò lò bíi c, q, v, x àti z, tí àwọn tó ṣe irú àtẹ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn láti fún ní iṣẹ́ tuntun. Gmail sì nílò mẹ́rin nínú wọn: c fún lẹ́tà tuntun, v fún gbígbé lẹ́tà lọ, x fún yíyàn, z fún ìdápadà. Àṣà tí mo wá dá sílẹ̀ ni pé FRA ni mo fi ń to lẹ́tà, mo ń yí i sí ti Yorùbá pẹ̀lú Windows+Espace nígbà tí mo bá ti wà nínú àyè ìkọ̀wé, mo sì ń yí i padà kí n tó jáde. Ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ aago báyìí, bí awakọ̀ ṣe ń wo dígí.

Alátùn-únṣe Kọ̀ǹpútà, Ouando, Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ìwákiri kù díẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ /, ẹ má kọ orúkọ nìkan. Ẹ kọ from: kí ẹ fi orúkọ ẹni náà lé e, has:attachment bí ẹ bá ń wá lẹ́tà tí wọ́n so ìwé mọ́, older_than:1y fún èyí tó ti lé ní ọdún kan, larger:10M fún èyí tó wúwo. Ó ń ṣiṣẹ́ bí Gmail yín tilẹ̀ jẹ́ ti Faransé. Àyè 15 GB tí wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti Photos ni wọ́n jọ ń pín in, larger:10M yẹn sì ni mo fi ń tú àpótí àwọn oníbàárà mi sílẹ̀ bó bá ti kún.

Bàbá Olùkọ́, bí ẹ bá ń ṣe kàyéfì nípa ìdí tó fi jẹ́ j àti k, wọ́n ti wà kí Gmail tó dé ní 2004. Ẹ̀rọ ADM-3A ni Bill Joy lò nígbà tó ń kọ vi, ètò kan tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ní 1976, ọfà mẹ́rin ni wọ́n sì yà sórí bọ́tìnì h, j, k àti l lára ẹ̀rọ náà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀, Kétu

Mo padà wá jábọ̀. Lẹ́tà mọ́kànlá ni mo bá nínú Spam, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ẹnìkan tó ń ra kajú, tí ó ti ń bínú pé a kò dá òun lóhùn. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti lẹ bébà mọ́ bọ́tìnì mẹ́fà, mo sì ti ya páálí tí mo kọ tẹ́lẹ̀ dànù. A, z, e, r ni mo ń lò pẹ̀lú j àti k, mo sì ti fún Annuler l'envoi (ètò tó ń jẹ́ kí a lè dá lẹ́tà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ dúró) ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, tí ó jẹ́ èyí tó gùn jù níbẹ̀, nítorí ọwọ́ mi ti ń yá ju làákàyè mi lọ lórí Ctrl+Entrée.

Ìṣòro kan ló kù. Akápò wa ń lo kọ̀ǹpútà yìí lọ́sàn-án. Nàìjíríà ló ti kọ́ ìtẹ̀wé, ó ń yí i sí ENG, ó sì máa ń gbàgbé láti yí i padà. Láàárọ̀ àná, mo fẹ́ dá lẹ́tà kan padà, mo tẹ ibi tí mo lẹ z mọ́, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, ìwọ àti akápò kò lè máa jẹun nínú àwo kan náà bí ó bá jẹ́ pé ata ni ìwọ ń jẹ, tí òun kò sì jẹ ẹ́. Mo ti dán a, z, e, r wò ní alẹ́ àná. N kò tíì sọ pé mo gbà, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ kò dùn mí.

Alátùn-únṣe Kọ̀ǹpútà, Ouando, Àjàṣẹ́

Bàbá ti dáhùn kí n tó dé. Akọ̀wé, ẹ wọ inú Paramètres Windows, abala Comptes (àwọn àkọọ́lẹ̀), kí ẹ ṣí àkọọ́lẹ̀ ọ̀tọ̀ fún akápò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Windows máa ń fi ètò àtẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú àkọọ́lẹ̀ rẹ̀: òun á rí ENG, ẹ̀yin á rí FRA. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ wọ inú àkọọ́lẹ̀ tiyín, kí ẹ yọ ENG kúrò nínú àkójọ èdè níbẹ̀, kí Windows+Espace má bàa rí ibi tí yóò yí i sí. Kí akápò sì ṣí Gmail tirẹ̀ nínú àkọọ́lẹ̀ tirẹ̀, nítorí àtẹ tó ti yí padà kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé lẹ́tà ta ni òun ń jù sínú Spam.